Ohun Tí A Jọ Fẹ́ràn: Ìbéèrè àti Ìdáhùn lórí Bí Àjèjì Ṣe Ń Di Ọ̀rẹ́

Ó ti lé ní ọdún 11 tí mo ti wà nínú ẹgbẹ́ àwọn tó ń ta ayò ṣẹ́ẹ̀sì. Mo tún bá ẹgbẹ́ akọrin kan kọrin fún ọdún 3, kí ohùn mi tó lé mi kúrò níbẹ̀. Bóyá ìdí nìyẹn tí àwọn èèyàn fi máa ń bi mí pé báwo lèèyàn ṣe ń rí ọ̀rẹ́ láàárín àwọn tí kò mọ̀ rí. Àwọn ìbéèrè tó ń wá lemọ́lemọ́ ni mo kó jọ síbí. Níbi tí àwọn olùwádìí ti sọ ohun tó ṣe é gbára lé, mo mú un wá. Níbi tó bá jẹ́ èrò tèmi, ẹ máa mọ̀.

Ṣé tí èmi àti ẹnì kan bá ti fẹ́ràn nǹkan kan náà, a ti di ọ̀rẹ́ nìyẹn?

Rárá o. Ẹ ti rí ohun tí ẹ máa fi bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ ni. Ọ̀kẹ́ àìmọye èèyàn ló ń jókòó sí pápá ìṣeré, tí wọ́n jọ ń pariwo fún ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù kan ṣoṣo, tí wọ́n á sì túká láìmọ orúkọ ẹni tó jókòó tì wọ́n. Ìfẹ́ bọ́ọ̀lù kó wọn síbì kan, ó parí síbẹ̀.

Lójú tèmi, iṣẹ́ tí ohun tí a jọ fẹ́ràn ń ṣe ni pé ó ń fún wa ní ìdí láti padà wá. Pípadà wá yẹn ló ń so èèyàn pọ̀. Tó bá jẹ́ ẹ̀ẹ̀kan péré lẹ rí ara yín, bí ìfẹ́ yín sí nǹkan náà tiẹ̀ jọra bí ìbejì, kò lè di nǹkan kan. Ẹni méjì tí ìfẹ́ wọn kò jọra tó bẹ́ẹ̀, àmọ́ tí wọ́n ń pàdé ní gbogbo ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ìyẹn á di nǹkan kí ẹ tó mọ̀.

Wọ́n ní ẹgbẹ́ ẹja lẹja ń wẹ̀ tọ̀, ẹgbẹ́ ẹyẹ lẹyẹ ń wọ́ tọ̀. Ṣé irọ́ ni?

Kì í ṣe irọ́, àmọ́ ó máa ń pẹ́ díẹ̀ kí ẹja tó mọ ẹgbẹ́ rẹ̀. Láàárín àwọn ọdún 1950, Theodore Newcomb ti Yunifásítì Michigan ní Amẹ́ríkà kó akẹ́kọ̀ọ́ ọkùnrin 17 tí wọn ò mọra rí sínú ilé kan. Wọn kò san owó ilé. Ohun tí wọ́n fi san án ni pé wọ́n gbà kó máa bi wọ́n ní ìbéèrè. Ó wá ń ṣọ́ ẹni tó ń dọ́rẹ̀ẹ́ ẹni. Níbẹ̀rẹ̀, àwọn tí ibùsùn wọn sún mọ́ra ló ń bára wọn rìn. Bí ọ̀sẹ̀ ṣe ń gorí ọ̀sẹ̀ ló hàn pé àwọn tí èrò ọkàn wọn bára mu ló ń dúró tira wọn.

Ṣáájú ìyẹn, ní 1950, Leon Festinger àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ti gbé ìwádìí jáde lórí àwọn ìdílé akẹ́kọ̀ọ́ tó ń gbé nínú ilé tí MIT, yunifásítì kan ní Amẹ́ríkà, kọ́ fún wọn. Ẹni tí ilẹ̀kùn rẹ̀ sún mọ́ tiwọn jù ni wọ́n sábà ń bá ṣọ̀rẹ́. Ohun tó dùn mọ́ mi jù níbẹ̀ ni ti àtẹ̀gùn: àwọn tó ń gbé nísàlẹ̀, tí yàrá wọn wà lẹ́bàá àtẹ̀gùn, ní ọ̀rẹ́ lókè ju àwọn yòókù tí wọ́n jọ wà nísàlẹ̀ lọ. Wọn ò ṣe nǹkan kan. Àwọn ará òkè kàn ń gba iwájú ilé wọn kọjá ni.

Ohun tí ẹgbẹ́ ń ṣe náà nìyẹn: ó ń kọ́ àtẹ̀gùn kan ṣoṣo fún àwọn tí kì í gbé ilé kan náà.

Ṣé ó di dandan kí n máa sọ̀rọ̀ púpọ̀ nígbà tí mo bá dé ẹgbẹ́?

Kò di dandan. Ní 1992, Richard Moreland àti Scott Beach ní kí àwọn obìnrin kan máa wá jókòó nínú kíláàsì yunifásítì kan láìbá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀. Ọ̀kan wá ní ìgbà 5, òmíràn 10, òmíràn 15, ẹnì kan kò sì wá rárá. Nígbà tí sáà parí, wọ́n fi àwòrán àwọn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin han àwọn akẹ́kọ̀ọ́. Ẹni tó wá jù ni wọ́n fẹ́ràn jù, bẹ́ẹ̀ wọn ò fi bẹ́ẹ̀ dá a mọ̀ pé àwọn rí i rí.

Ẹ kàn máa wá. Kí ẹ kí èèyàn nígbà tí ẹ bá dé, kí ẹ dágbére nígbà tí ẹ bá ń lọ. Àwọn tó ń wọlé láìkí ẹnikẹ́ni, àwọn yẹn ló ń pa ara wọn lára.

Ó máa ń pẹ́ tó ìgbà wo?

Ó máa ń pẹ́ ju bí àwọn èèyàn ṣe rò lọ, ibí yìí sì ni ọ̀pọ̀ ti ń kùnà. Jeffrey Hall, ní Yunifásítì Kansas, gbé ìwádìí kan jáde ní 2018 tó fi díwọ̀n rẹ̀. Ó ní ó máa ń tó nǹkan bíi wákàtí 50 tí èèyàn méjì jọ lò kí ojúlùmọ̀ tó di ọ̀rẹ́ ṣákálá. Á tó nǹkan bíi 90 kó tó di ẹni tí ẹ lè pè ní ọ̀rẹ́ láìṣiyèméjì. Ó lé ní 200 kó tó di kòríkòsùn. Wákàtí tí ẹ jọ lò níbi iṣẹ́ kò sì wúlò tó èyí tí ẹ fi jọ gbafẹ́.

Ẹ jẹ́ ká ṣírò rẹ̀. Ẹgbẹ́ tó ń pàdé lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀ fún wákàtí 2: ọ̀sẹ̀ 25 nìyẹn kí ẹ tó dé 50. Ọ̀sẹ̀ 45 kí ẹ tó dé 90. Ọ̀sẹ̀ 100 kí ẹ tó dé 200, ó ku díẹ̀ kó pé ọdún 2. Ẹ̀yin tí ẹ lọ lẹ́ẹ̀mejì tí ẹ ní kò ṣiṣẹ́, wákàtí 4 péré lẹ lò. Ìyẹn náà á tún jẹ́ wákàtí 4 tí ẹ pín láàárín ọ̀pọ̀ èèyàn, ó sì lè má sí ẹni tí ẹ lo ìṣẹ́jú 30 pẹ̀lú.

Mi ò ní kí ẹ máa ka wákàtí o. Ẹni tó ń ka wákàtí, ojú rẹ̀ máa ń fi hàn. Mo kàn fẹ́ kí ẹ mọ̀ pé tí nǹkan kò bá tíì ṣẹlẹ̀ lóṣù kejì, kò sí ohun tó bàjẹ́. Aristotle, ní ohun tó lé ní ọdún 2,300 sẹ́yìn, ti mú òwe ayé ìgbà tirẹ̀ lò pé èèyàn méjì ò lè mọ ara wọn àfi tí wọ́n bá ti jọ jẹ iyọ̀. Ìyẹn ni pé kí wọ́n ti jọ jẹun títí.

Kí ló dé tó fi máa ń rọrùn láti sọ̀rọ̀ nígbà tí a bá jọ ń ṣe nǹkan?

Torí pé ojú ò ko ojú ni. Ní Ọsirélíà, àwọn ibì kan wà tí wọ́n ń pè ní Men's Shed, níbi tí àwọn ọkùnrin, pàápàá àwọn tó ti fẹ̀yìn tì, ti ń wá fi pákó kan nǹkan tàbí tún ohun tó bàjẹ́ ṣe. Ọ̀rọ̀ tó wọ́pọ̀ lẹ́nu wọn ni pé ọkùnrin kì í sọ̀rọ̀ lójúkojú, èjìká sí èjìká ni wọ́n fi ń sọ̀rọ̀. Mi ò gbà pé ti ọkùnrin nìkan ni. Mo ti rí obìnrin méjì tó ń fi òwú hun aṣọ, tí ọ̀rọ̀ tó jáde lẹ́nu wọn níbẹ̀ kò lè jáde lórí tábìlì oúnjẹ láéláé.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ti ara mi. Ẹ̀gbọ́n kan wà nínú ẹgbẹ́ wa tí a jọ ta ṣẹ́ẹ̀sì fún bí oṣù 5 láìsọ ju "ẹ kú ìrọ̀lẹ́" àti "ó ti tán" lọ. Tó bá fẹ́ gbé ẹṣin, ìyẹn ọ̀kan lára àwọn ọmọ ayò ṣẹ́ẹ̀sì, á kọ́kọ́ fi àtàǹpàkò pa á lórí, á wá rọra yí imú rẹ̀ sọ́dọ̀ ara rẹ̀, kó tó gbé e. Mo ti mọ̀ pé tó bá ti pa á lórí lẹ́ẹ̀mejì, ìyọnu ń bọ̀ wá bá mi nìyẹn. Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, ó pa á lórí, ó tún pa á lórí, kò gbé e. Ó ní, "Àbúrò, wọ́n dá ìyá mi dúró sí ọsibítù láàárọ̀ yìí." Kò gbójú sókè. Èmi náà ò gbójú sókè. Mo ní, "Ẹ pẹ̀lẹ́, Ẹ̀gbọ́n. Kí ló ṣe wọ́n?" Ojú ayò la jọ ń wò títí tó fi sọ ọ́ tán, tìyá, ti dókítà, ti àbúrò rẹ̀ tí kò gbé fóònù. Lẹ́yìn náà ló wá gbé ẹṣin ọ̀hún, mo sì pàdánù.

Ká ní mo ti fà á sí kọ̀rọ̀ kan tí mo sì bi í pé, "Ẹ̀gbọ́n, kí ló ń dà yín láàmú?", "kò sí nǹkan kan" ló máa sọ.

Irú nǹkan wo ló ń tètè so èèyàn pọ̀?

Orin. Ní 2015, Eiluned Pearce, Jacques Launay àti Robin Dunbar gbé ìwádìí kan jáde lórí àwọn àgbàlagbà tó lọ sí kíláàsì fún oṣù 7. Àwọn kan ń kọ́ orin, àwọn kan ń kọ́ iṣẹ́ ọwọ́, àwọn kan ń kọ́ bí a ṣe ń kọ ìtàn. Lóṣù kìíní, àwọn akọrin ti mọwọ́ ara wọn ju àwọn yòókù lọ dáadáa. Ṣùgbọ́n nígbà tí oṣù 7 pé, àwọn oníṣẹ́ ọwọ́ àti àwọn tó ń kọ̀wé ti lé wọn bá. Kò sí ìyàtọ̀ mọ́.

Ohun tó fà á, gẹ́gẹ́ bí wọ́n ṣe rò ó, ni pé tí èèyàn bá jọ ń mí, tí wọ́n jọ ń ṣe nǹkan lẹ́ẹ̀kan náà, ara fúnra rẹ̀ ń tú èròjà kan jáde tó ń pa ìrora tó sì ń mú inú dùn. Ní 2010, àwọn olùwádìí ní Yunifásítì Oxford dán an wò lára àwọn awakọ̀ ojú omi tó ń fi àjẹ̀ tukọ̀ fún ìdíje. Wọ́n ní kí wọ́n fi ẹ̀rọ ìdánrawò tukọ̀, nígbà mìíràn lóun nìkan, nígbà mìíràn pa pọ̀. Agbára tí wọ́n lò kò yàtọ̀, àmọ́ lẹ́yìn èyí tí wọ́n jọ tù, ara wọn gba ìrora mọ́ra ju ìgbà tí kálukú dá tirẹ̀ tù lọ.

Ìmọ̀ràn mi: tẹ́ ẹ bá ń kánjú, ẹ lọ kọrin, ẹ lọ jó, ẹ lọ sáré pẹ̀lú àwọn èèyàn. Tẹ́ ò bá kánjú, ẹ wá bá wa ta ṣẹ́ẹ̀sì.

Mo máa ń tijú, mo sì máa ń rò pé wọn ò fẹ́ràn mi lẹ́yìn tí mo bá kúrò níbẹ̀.

Àwọn náà ń rò bẹ́ẹ̀ nípa ara wọn. Erica Boothby àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ṣe ìwádìí kan tó jáde ní 2018, wọ́n ní kí àwọn tí kò mọra rí sọ̀rọ̀ fún ìgbà díẹ̀, wọ́n wá bi kálukú pé báwo lo ṣe fẹ́ràn ẹnì kejì, báwo lo sì ṣe rò pé ó fẹ́ràn rẹ. Léraléra ni wọ́n rí i pé àwọn èèyàn ń fojú kéré bí ẹnì kejì ṣe fẹ́ràn wọn tó. Láàárín àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tó jọ ń gbé nínú ilé akẹ́kọ̀ọ́ kan náà, èrò òdì yẹn wà níbẹ̀ fún oṣù mélòó kan.

Nítorí náà, tẹ́ ẹ bá délé tí ẹ ń ronú pé "kí ni mo tiẹ̀ lọ sọ yẹn?", ẹ mọ̀ pé ẹni tí ẹ sọ ọ́ fún wà nílé tirẹ̀, ó ń ronú nípa ohun tí òun náà sọ. Kò ráyè tiyín.

Mi ò mọ nǹkan náà tó wọn. Ṣé wọn ò ní fi mí ṣe yẹ̀yẹ́?

Ẹgbẹ́ tó dáa kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Àmọ́ ohun kan wà tó burú ju yẹ̀yẹ́ lọ, èmi gan-an ti ṣe é rí.

Ní ọdún mélòó kan sẹ́yìn, obìnrin kan wá sí ẹgbẹ́ wa, ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ ṣẹ́ẹ̀sì ni. Inú mi dùn sí i débi pé gbogbo ọmọ ayò tó bá gbé ni mò ń ṣàlàyé ibi tó yẹ kó gbé e sí. "Ẹ wò ó, tẹ́ ẹ bá gbé eléyìí síbí, ayaba yín á sọnù." Ó ní ẹ ṣeun. Mo tún ṣàlàyé òmíràn. Ó ní ẹ ṣeun. Lẹ́ẹ̀kẹta tó wá, mo ti mú ìwé lọ́wọ́ fún un. Kò wá mọ́. Ẹnì kan tó mọ̀ ọ́n ló sọ fún mi nígbà tó yá pé ó ní, "Mo lọ ṣeré, wọ́n fi mí sí kíláàsì."

Ìgbà tí mo gbọ́ ọ ni mo rántí pé mi ò tiẹ̀ bi í ní iṣẹ́ tó ń ṣe. Láti ìgbà yẹn, ẹni tuntun tó bá bá mi ta, ẹnu mi dákẹ́ àfi tó bá bi mí.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ jẹ́ ẹni tuntun, àǹfààní kan wà lọ́wọ́ yín tí àwọn àgbà ẹgbẹ́ ò ní mọ́: ẹ lè béèrè ohunkóhun. Kò sí ohun tó ń dùn mọ́ ẹni tó mọ nǹkan bíi kí wọ́n bi í níbẹ̀.

Ohun tí mo fẹ́ràn ṣọ̀wọ́n. Kò sẹ́lòmíràn tó bìkítà nípa rẹ̀ ní àyíká mi.

Ẹ má banú jẹ́, torí àwọn tí ohun tí wọ́n fẹ́ràn ṣọ̀wọ́n ló máa ń dì mọ́ra jù nígbà tí wọ́n bá ríra. Ẹni tó sọ pé òun fẹ́ràn orin, kò tíì sọ nǹkan kan fún yín. Ẹni tó bá ní òun ń kó sítáǹbù tí wọ́n tẹ̀ ní ìtẹ̀kutẹ̀, tẹ́ ẹ sì ti ń kó o fún ọdún 10 láìrí ẹni bá sọ ọ́, ẹ máa fẹ́rẹ̀ẹ́ gbá a mọ́ra.

Ẹ wo àwọn tó ń fi rédíò bá ara wọn sọ̀rọ̀ fún ìgbafẹ́. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ò ní fojú kan ara wọn láyé. Síbẹ̀, tí ọ̀kan bá gbọ́ ohùn òmíràn láti òkè òkun, ó máa fi káàdì ránṣẹ́ sí i láti jẹ́rìí pé mo gbọ́ ọ lọ́jọ́ báyìí, ní agogo báyìí. QSL ni wọ́n ń pe káàdì yẹn, àwọn kan sì ń lẹ̀ ẹ́ mọ́ ara ògiri. Nọ́ńbà 73 ni wọ́n fi máa ń dágbére fúnra wọn, ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé "mo kí ọ o". Láti 1925 ni wọ́n ti ní àjọ tó kárí ayé, Paris ni wọ́n sì ti dá a sílẹ̀. Ìlú yẹn náà ni wọ́n ti dá àjọ ṣẹ́ẹ̀sì àgbáyé, FIDE, sílẹ̀ ní 1924. Ọ̀rọ̀ Látìn tí FIDE fi ṣe àkọmọ̀nà, ohun tó ń sọ ni pé ìran kan ṣoṣo ni gbogbo wa. (Ẹni tó bá ti rí àwọn àgbà ọ̀jẹ̀ ṣẹ́ẹ̀sì tó ń bára wọn jà máa rẹ́rìn-ín. Síbẹ̀, mo fẹ́ràn rẹ̀.)

Ṣé ọ̀rẹ́ tí mo rí lórí íntánẹ́ẹ̀tì náà jẹ́ ọ̀rẹ́ gidi?

Ó jẹ́ bẹ́ẹ̀, tí ẹ bá ń padà síbẹ̀, tí ẹ sì mọ ara yín yàtọ̀ sí gbogbo èrò tó kù. Níbi tí ẹgbẹẹgbẹ̀rún ti ń sọ̀rọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, àtẹ̀gùn kò sí níbẹ̀, ọjà ni. Ẹ wá ibi tí èèyàn ò ti pọ̀ jù.

Ẹnì kan nínú ẹgbẹ́ fẹ́ kí n fi owó sí òwò kan. Ó ní torí ọ̀rẹ́ ni.

Ẹ sọ́ra. Àwọn gbájú-ẹ̀ mọ̀ pé àwọn tó fẹ́ràn nǹkan kan náà máa ń fọkàn tán ara wọn láìṣèwádìí, wọ́n sì máa ń wọ inú ẹgbẹ́ torí ìyẹn gan-an. Ohun tí ẹ máa bi àjèjì, ẹ bi òun náà. Tó bá bínú, ẹ ti rí ìdáhùn.

Báwo ni mo ṣe lè mú un kọjá ọ̀rọ̀ nǹkan tí a jọ ń ṣe?

Ẹ gbé e kúrò nínú yàrá ẹgbẹ́. Ẹni tí ẹ mọ̀ níbì kan ṣoṣo, ibẹ̀ nìkan ló máa ń wà. Ẹ ní kó tẹ̀ lé yín lọ wo ohun èlò kan tí ẹ fẹ́ rà, tàbí kí ẹ jọ rìn lọ sí ibùdókọ̀ dípò kí kálukú gba ọ̀nà tirẹ̀. Kò gbọ́dọ̀ tóbi. Bó bá tóbi jù, ó máa ń dà bíi pé ẹ ń bẹ̀bẹ̀.

Lẹ́yìn ìyẹn, ọ̀rọ̀ ara ẹni á máa wọlé díẹ̀díẹ̀, tẹ́ ẹ bá sọ ọ̀kan, kí òun náà sọ ọ̀kan. Arthur Aron àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ dán èyí wò nínú ìwádìí kan tó jáde ní 1997. Ìbéèrè 36 ni wọ́n fún èèyàn méjì-méjì láti bi ara wọn láàárín ìṣẹ́jú 45, ó bẹ̀rẹ̀ láti orí ohun tó fúyẹ́, ó ń jinlẹ̀ bó ṣe ń lọ. Wọ́n sún mọ́ra ju àwọn tí wọ́n ní kí wọ́n kàn máa tàkúrọ̀sọ lásán lọ. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tẹ ìbéèrè náà sórí ìwé gbé lọ bá ẹnikẹ́ni. Ẹnì kan ṣe é fún mi rí, ṣe ló dà bíi pé wọ́n fẹ́ gbà mí síṣẹ́.

Tí kò bá di ọ̀rẹ́ ńkọ́? Ṣé mo ti fi àkókò ṣòfò?

Ẹ ò fi ṣòfò. Ojúlùmọ̀ náà níyì tirẹ̀. Ní 1973, Mark Granovetter fi hàn pé lára àwọn tó rí iṣẹ́ nípasẹ̀ ẹni tí wọ́n mọ̀, ọ̀pọ̀ ló jẹ́ pé ẹni tí wọn kì í sábà rí ló ta wọ́n lólobó. Kòríkòsùn yín ti mọ ohun tí ẹ̀yin náà mọ̀. Ọ̀gbẹ́ni tí ẹ máa ń rí lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀ ti ibòmíràn wá, ó mọ ohun mìíràn.

Àti pé kí èèyàn rí ẹni tó máa dárúkọ rẹ̀ tó bá wọlé, kò kéré.

Ṣé ẹgbẹ́ ò lè sọ wá di ẹni tó ń kórìíra àwọn tí kò sí nínú rẹ̀?

Ó lè sọ wá dà bẹ́ẹ̀, ó sì máa ń yá ju bí ẹ ṣe rò lọ. Ní 1970, Henri Tajfel gbé ìwádìí kan jáde tó ṣe pẹ̀lú àwọn ọmọkùnrin ilé ìwé tí ọjọ́ orí wọn jẹ́ 14 àti 15 ní Bristol, ní Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ó fi àwòrán àwọn ayàwòrán méjì, Klee àti Kandinsky, hàn wọ́n, ó ní kí wọ́n sọ èyí tó wù wọ́n, ó wá pín wọn sí ẹgbẹ́ méjì. Ó ní bí wọ́n ṣe yàn lòun ṣe pín wọn. Kò rí bẹ́ẹ̀ rárá, bó ṣe bọ́ síi ló ṣe pín wọn. Nígbà tó ní kí wọ́n pín owó fún àwọn yòókù, àwọn tó jẹ́ ti ẹgbẹ́ wọn ni wọ́n ṣojúure sí. Wọn ò rí wọn, wọn ò mọ orúkọ wọn. Ọ̀pọ̀ tiẹ̀ fẹ́ kí owó ẹgbẹ́ tiwọn dín kù, tó bá ṣáà ti máa ju ti ẹgbẹ́ kejì lọ.

Ọ̀rọ̀ yìí máa ń bà mí lẹ́rù, torí mo mọ̀ ọ́n lára wa. Ẹ gbọ́ bí àwọn tó ń ya fọ́tò pẹ̀lú fíìmù ṣe ń sọ̀rọ̀ àwọn tó ń lo fóònù.

Àmọ́ ìtàn kan tún wà lódìkejì. Ní 1954, Muzafer Sherif kó ọmọkùnrin 22 lọ sí àgọ́ kan ní Oklahoma, ó pín wọn sí méjì, ó sì jẹ́ kí wọ́n máa bára wọn díje. Kò pẹ́ tí wọ́n fi ń sun àsíá ara wọn, tí wọ́n ń ya wọ yàrá ara wọn lóru. Ó ní kí wọ́n jọ wo sinimá, kí wọ́n jọ jẹun, ìjà náà kò rọlẹ̀. Ohun tó wá rọ̀ ọ́ ni pé omi àgọ́ dá, gbogbo wọn ní láti jọ wá ibi tó ti bàjẹ́. Lẹ́yìn náà, ọkọ̀ tó fẹ́ lọ gbé oúnjẹ kọ̀ láti ṣiṣẹ́, wọ́n sì jọ fi okùn fà á. Wíwà pọ̀ lásán ò tó. Iṣẹ́ tí ẹgbẹ́ kan ò lè dá ṣe ló mú wọn rẹ́.

Èmi àti ọkọ mi (tàbí aya mi) ò fẹ́ràn nǹkan kan náà rárá.

Kò burú. Ẹ má fi tipátipá kọ́ ọ ní tiyín, ẹ wá ohun kẹta tí ẹ̀yin méjèèjì ò mọ̀. Aron kan náà tí mo dárúkọ lókè dán nǹkan kan wò pẹ̀lú àwọn tọkọtaya, èyí tó jáde ní 2000. Wọ́n so àwọn kan pọ̀ ní ọrùn ọwọ́ àti ọrùn ẹsẹ̀, wọ́n ní kí wọ́n rákòrò kọjá orí ìdènà kan láàárín yàrá, kí wọ́n gbé ìrọ̀rí láàárín ara wọn láìfọwọ́ kàn án, láìfi eyín mú un. Ìṣẹ́jú 7 péré. Àwọn tó ṣe é sọ lẹ́yìn náà pé ìgbéyàwó àwọn tẹ́ àwọn lọ́rùn ju àwọn tí wọ́n fún ní iṣẹ́ tí kò dùn tí kò kan lọ. Ohun tuntun ló ṣe é, kì í ṣe ìmọ̀. Ẹ̀yin méjèèjì á jọ jẹ́ òpè níbẹ̀.

Ọ̀rẹ́ mélòó lèèyàn lè ní?

Dunbar, tí mo dárúkọ níbi ọ̀rọ̀ orin, sọ láti ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1990 pé nǹkan bí 150 ni iye èèyàn tí ọpọlọ wa lè bá ṣe àjọṣe tó nítumọ̀. Nínú wọn, bíi 5 ló wà nítòsí ọkàn jù, lẹ́yìn náà 15, lẹ́yìn náà 50. Àwọn onímọ̀ mìíràn ń bá a jiyàn lórí 150 yẹn. Ti 5 ni kò ya ẹnikẹ́ni tí mo mọ̀ lẹ́nu.

Mo fẹ́ dá ẹgbẹ́ tèmi sílẹ̀. Èèyàn mélòó ló yẹ kí n kọ́kọ́ ní?

Ẹ má dúró de èrò. Ìsáré parkrun tó ti wà ní ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè báyìí, èèyàn 13 ló sáré lọ́jọ́ àkọ́kọ́, ní 2 Oṣù Kẹwàá 2004, nínú ọgbà Bushy Park ní Lọ́ńdọ̀nù. Ẹyẹ kíkà tí wọ́n ń ṣe ní Àríwá Amẹ́ríkà nígbà Kérésìmesì, èèyàn 27 ló bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ ní 1900, wọ́n sì ń ṣe é títí dòní.

Ẹ wo parkrun yẹn dáadáa. Kìlómítà 5 ni. Àárọ̀ Sátidé ni. Ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀, kìlómítà 5 ni, àárọ̀ Sátidé ni. Kò sẹ́ni tó ń béèrè pé "ṣé a máa pàdé?" Ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ẹgbẹ́ tuntun ti ń kú: lórí "ọjọ́ wo ló rọrùn fún gbogbo èèyàn?" Kò sí ọjọ́ tó rọrùn fún gbogbo èèyàn. Ẹ mú ọjọ́ kan, kí ẹ wà níbẹ̀ lọ́jọ́ yẹn kódà tó bá jẹ́ ẹ̀yin àti ẹnì kan péré, tí òjò sì ń rọ̀.

Ẹ sì fún àwọn èèyàn níṣẹ́ ṣe. Ẹni tó ń to àga, ẹni tó ń tọ́jú kọ́kọ́rọ́, ẹni tó ń kọ orúkọ. Mo ti ṣàkíyèsí pé ẹni tí kọ́kọ́rọ́ bá wà lọ́wọ́ rẹ̀ kì í pa ẹgbẹ́ tì.

Tí ohun tó so wá pọ̀ bá parí ńkọ́? Tí ọ̀kan nínú wa ò bá lè ṣe é mọ́?

Àwọn ọ̀rẹ́ mìíràn máa ń parí sí ibẹ̀, kò sì sí ẹ̀bi lọ́rùn ẹnikẹ́ni. Ẹ jọ sáré fún ọdún 4, orúnkún ẹnì kan bàjẹ́, ẹ kíra lórí fóònù fún ìgbà díẹ̀, ó tán. Tí wákàtí tí ẹ ti jọ lò bá ti pọ̀, tí ọ̀rọ̀ mìíràn sì ti wọlé sáàárín yín, ó lè dúró láìsí nǹkan ọ̀hún.

Ẹ̀gbọ́n tí mo sọ níṣàájú kò ta ṣẹ́ẹ̀sì mọ́. Ojú rẹ̀ ti ń ṣú, ọmọ ayò dúdú àti pátákó dúdú ti di ọ̀kan náà fún un. A rò pé kò ní wá mọ́. Ó ń wá. Ó máa ń gbé àga rẹ̀ sápá òsì mi, á ní kí n máa sọ ohun tí mò ń rí fún òun. Mo máa ń sọ ọ́ wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́: ọba ẹni tí mò ń bá ta wà ní kọ̀rọ̀, ayaba rẹ̀ ti jáde, ẹṣin mi wà láàárín. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, mo nawọ́ sí ẹṣin yẹn, mi ò tíì gbé e. Mi ò mọ bó ṣe mọ̀. Ó ní, "Àbúrò, má gbé e síbẹ̀."